Gílóòbù Kan, Wáyà Méjì

Àwọn kan ń jowú nítorí obìnrin, àwọn kan ń jowú nítorí ilé àti ilẹ̀. Èmi jowú nítorí tẹ́sítà. Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe, iná ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe ní Ọ̀fà Garage, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ tẹ́sítà kò tó ohun tí àgbàlagbà ń sọ. Ó tó o. Ó ti ba oorun mi jẹ́ rí.

Gílóòbù kékeré kan ni tẹ́sítà, irú èyí tó máa ń tàn lẹ́yìn ọkọ̀ tí a bá tẹ bíréèkì, tí a so wáyà méjì mọ́ nídìí. A ó fi wáyà kan kan ibi tí iná ti ń wá, a ó fi èkejì kan irin ara ọkọ̀. Bí iná bá wà, gílóòbù á tàn. Bí iná kò bá tó, á tàn bàìbàì. Ti ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà nínú orí tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tó gé, ó fi téèpù dúdú wé e, ó sì ti ń dì í mú tipẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbẹ́ ojú kan jìn sára téèpù náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wo ojú jíjìn yẹn. Mo ti fi í sọ́kàn pé lọ́jọ́ kan, àtàǹpàkò tèmi ló máa bọ́ síbẹ̀.

Èmi nìkan ni ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá ní nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni bí a ṣe ń fi eyín bó wáyà, tí a ó fi ìka lọ́ ọ mọ́ ìdí gílóòbù láìlo irinṣẹ́ kankan. Ó ní kí n ṣe é, ó ní kí n tú u, ó ní kí n tún un ṣe, títí ìka mi fi bó. Ìyà ni mo kà á sí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹnìkejì mi dé, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin, kúkúrú, onísùúrù, tí ó ń fi ẹ̀rín dáhùn èébú. Àbúrò ni mo ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè é níbí. N kò rí i rí kí ọ̀gá fi gílóòbù àti wáyà dá a lóró. Tẹ́sítà ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló máa ń nà sí i pé kó lò. Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti ń rin mí lábẹ́ àyà.

Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn mi. Nígbà tí ó pé, ọ̀gá ní kí n ní sùúrù, kí èmi àti Àbúrò jọ gba fíríìdọ̀mù lọ́jọ́ kan náà. Mo fi ọdún méjì mi ṣe sàárà fún ẹni tó bá mi nílé. Lọ́jọ́ tí a máa gbà á, a tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn àáfà mẹ́ta jókòó, wàrà díndín àti mósà kún àwo. Àdúà parí, ọ̀gá dìde láti fún wa ní irinṣẹ́ tí a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ pè mí. Ó gbé àpótí irin pupa kan lé mi lọ́wọ́, sípánà pé sínú rẹ̀ láti kékeré dé ńlá, ọ̀rá ara wọn kò tíì já. Ìyá mi fi gèlè nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá pe Àbúrò, ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó yọ tẹ́sítà náà, ó fi sí i lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka ọmọ náà dé lé e lórí.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo jẹ wàrà, mo bọ Àbúrò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àpótí tó wà lẹ́sẹ̀ mi ti di pàǹtí lójú mi. Ohun tí ènìyàn lè rà lọ́jà ni wọ́n fún mi, wọ́n kó ohun tí kò sí lọ́jà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá bá mi yọ̀ lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi sí i.

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn náà, ìyàwó Àbúrò bí àkọ́bí wọn. Mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn àáfà ti parí àdúà nígbà tí oníbàárà kan wa ọkọ̀ tó ń kú sójú ọ̀nà dé iwájú ilé. Àbúrò bá a wò ó pẹ̀lú bùbá tuntun lọ́rùn. Ọkọ̀ náà jí, wọ́n pe Àbúrò pé kó wá jẹun, ó sì gbàgbé tẹ́sítà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ń kọjá lọ. N kò jókòó rò ó, ọwọ́ mi ló ṣáájú mi. Kí n tó mọ̀, ó ti wà nínú àpò mi, ó ṣì ń gbóná látinú oòrùn.

Gbogbo wa la bá a wá a. Wọ́n wá a lábẹ́ ẹní, wọ́n wá a nínú ìkòkò. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, mo ti dé àdúgbò Gàmbàrí nílé ọ̀gá, mo ti sọ fún un pé ohun tó fún ọmọ yẹn, ọmọ náà ti sọ ọ́ nù. Ọ̀gá kò bínú bí mo ṣe fẹ́. Ó kàn ní, “Ọlọ́run á fi èyí tó dáa jù rọ́pò rẹ̀.” Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú.

Mo fi àkísà wé tẹ́sítà náà, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí pupa, ibẹ̀ ló sì wà láti ìgbà náà. N kò lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni mo fẹ́ lò ó níwájú rẹ̀? Kò sí ríwáyà kan ní Ọ̀fà Garage tí kò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé bó bá ti kúrò lọ́wọ́ Àbúrò, oríire rẹ̀ náà á bá a lọ. Irọ́ ni. Ó ra mítà tó ń fi nọ́ńbà wọn iná, ó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Post Office, àwọn ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú rẹ̀. Èmi náà ra mítà, kí n má baà gbẹ́yìn.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, nígbà tí ooru mú débi pé kóòtà ń rọ̀ lábẹ́ bàtà, ìyàwó ọ̀gá wá ra ọsàn ní Ọ̀fà Garage. Ìyá la máa ń pè é. Ojú ọ̀gá ti ṣókùnkùn, kò lè wakọ̀ mọ́, Ìyá ló ń wà á lọ síbi tàfsírì, níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ Àlùkùránì, lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì, nínú ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí a ti jọ ń tún ṣe láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́. Mo kí i, mo béèrè ọ̀gá.

“Ooru ń pa wọ́n,” ó ní. “Éésì ọkọ̀ kò fẹ́ mọ́. Lánàá, òòyì kọ́ wọn kí a tó dé mọ́ṣáláṣí. Àbúrò rẹ ti wá wò ó, ó ní bílówà ti kú.”

Bílówà ni fáànù tó wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, níwájú ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Éésì lè tutù bí yìnyín, bí bílówà kò bá yí, kò sí èyí tó máa dé ojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bílówà ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ Ìyá. Àbúrò ni mo gbọ́.

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò pè mí?”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ṣé ìwọ náà ń ṣe ti éésì ni?”

Obìnrin tó bu oúnjẹ fún mi fún ọdún mẹ́fà! Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo gbé àpótí mi, mo tẹ̀lé e lọ sí Gàmbàrí.

Àbúrò ti wà nínú ọgbà, ó dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà níta. Ọ̀gá jókòó sórí ẹní lábẹ́ dóńgóyárò, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bílówà tòkunbọ̀ kan ni Àbúrò ń dè mọ́ ọkọ̀. Ó yọjú síta, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú. Mo fi èyí sórí bátìrì lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ó yí bí ìjì. Mo gbé e sínú ọkọ̀, kò mira.”

“Fíùsì ńkọ́?”

“Ó dáa.”

“Ríléè tó ń gbé iná fún un ńkọ́?”

“Mo yọ ti họ́ọ̀nù, mo fi dípò rẹ̀. Bákan náà ni. Mítà sì ka fóòtì méjìlá géérégé lẹ́nu wáyà rẹ̀. Bóyá kí n tún wá òmíràn.”

Inú mi dùn. Mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀gá mi ń làágùn nínú ààwẹ̀, inú mi dùn pé Àbúrò kò rí i ṣe.

Ọ̀gá gbọ́ ohùn mi, ó ní, “Ìwọ náà dé? Ó dáa. Àkọ́bí mi ti ní kí n ta ọkọ̀ yìí, kí n máa jókòó sílé gbọ́ tàfsírì lórí rédíò. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní kò ṣeé ṣe lónìí, màá jẹ́ kó tà á.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Láti ilé rẹ̀ dé ibi tàfsírì ni ìrìn kan ṣoṣo tó kù fún un láyé. Àti pé, kí n má purọ́, bí ọkọ̀ náà bá lọ, kò ní sí ohun tí mo tún máa tún ṣe níwájú rẹ̀ kó lè mọ ẹni tí mo jẹ́.

Mo wọ inú ọkọ̀. Mo yí bọ́tìnnì bílówà sí ìkíní, sí ìkejì, títí dé ìkẹrin. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń dín iná kù nìkan ló bàjẹ́, ìkẹrin ì bá ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó dáhùn. Mo yọ ẹnu wáyà, mo fi mítà tèmi kàn án: méjìlá. Ibẹ̀ ni ohun tí ọ̀gá máa ń sọ ti padà wá sí mi lọ́kàn. Mítà kì í mu iná, ó kàn ń yọjú wò ó ni. Wáyà tí ìpẹtà ti jẹ kù bí òwú ṣì lè fi méjìlá han mítà, ṣùgbọ́n bí fáànù bá fẹ́ mu nínú rẹ̀, kò ní tó o mu. Gílóòbù ń mu iná. Gílóòbù nìkan ni kì í gbà kí wáyà tàn án jẹ.

Tẹ́sítà ni mo nílò. Ó sì wà nínú àpótí mi, níwájú ọ̀gá, níwájú ẹni tó ni ín, nínú àkísà.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni Àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n mú sípánà onínọ́ńbà mẹ́wàá lọ́dọ̀ yín.” Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú àpótí. Mo pa ìdérí dé débi pé díẹ̀ ló kù kí n há a níka.

“Má tọwọ́ bọ̀ ọ́.”

Ó fa ọwọ́ padà. “Ẹ má bínú,” ó ní. Ìyá tó ń bó ọsàn dúró, ó wò wá. Èmi ni mo jalè, òun ló ń bẹ̀ mí.

Mo kọjá sẹ́yìn ọkọ̀ kí n má baà rí ojú ẹnikẹ́ni. Gílóòbù bíréèkì wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́. Mo gé wáyà gígùn méjì, mo fi eyín bó orí wọn, mo lọ́ ọ̀kan mọ́ ara gílóòbù, mo fi èkejì ti ìdí rẹ̀, mo wé e. Ìka mi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. N kò rò pé ó gbà mí tó àkókò tí a fi ń ka Fátíhà.

“Ta ló ń fi eyín bó wáyà nínú ààwẹ̀?” Ọ̀gá ti gbé orí sókè.

“Èmi ni, ọ̀gá.”

Tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Mo fi gílóòbù náà kan ẹnu wáyà bílówà. Ó tàn bí ẹyin iná tí eérú ti bò. Mo gbé wáyà kan kúrò, mo fi kan irin ara ọkọ̀: ó tàn yòò. Iná tó ń wá dáa nìyẹn. Èyí tó ń dá iná padà sára ọkọ̀ ni kò dáa, wáyà dúdú. Mo tẹ̀lé e, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wọ abẹ́ káńpẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí káńpẹ́ẹ̀tì. Omi ni. Káńpẹ́ẹ̀tì náà rin gbingbin, nọ́ọ̀tì tó de wáyà mọ́lẹ̀ ti wú pẹ̀lú ìpẹtà bí àkàrà.

Òjò kò tíì rọ̀ ní Ìlọrin láti oṣù mélòó kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí búta rọ́bà kan, kẹ́tùlù omi àlùwàlá, níbi tí ọ̀gá ń gbé ẹsẹ̀ sí, kò ní ìdérí. Ọ̀gá kì í bá èrò du ẹnu omi ní mọ́ṣáláṣí láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Á ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, á yọ ẹsẹ̀ síta, á ṣe àlùwàlá láti orí ìjókòó. Bí Ìyá bá sì ti yí kọ́nà, búta náà á da ìyókù sílẹ̀.

“Ọ̀gá,” mo ní, “àlùwàlá yín ló pa bílówà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé kí n wá máa fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe tàyámámù ni?”

Mo fi sáńdípépà ha ìdí nọ́ọ̀tì títí irin fi funfun, mo dè é padà. Mo ní kí Àbúrò yọ tòkunbọ̀ rẹ̀, kó dá bílówà ọ̀gá padà síbi tó wà. Ìyá tan ọkọ̀. Fáànù náà wúkọ́, ewé dóńgóyárò gbígbẹ fò jáde lójú éésì, afẹ́fẹ́ tẹ̀lé e.

“Ẹ̀gbọ́n,” Àbúrò ní, “ọwọ́ ọ̀gá ni ẹ jogún. Wàláhì.”

Gbólóhùn tí mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi dúró dè nìyẹn. Ẹnu ẹni tí mo jà lólè ló sì ti jáde. Àbúrò gbé búta náà, ó lọ pọn omi nítorí Àsárì ti kù díẹ̀. Ìyá wọlé lọ.

Ọ̀gá ní kí n mú òun wọ ọkọ̀. Mo jókòó sí ipò awakọ̀, òun sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbé bílówà sí ìkẹrin, ó gbé ojú síwájú afẹ́fẹ́. Ó na ọwọ́. “Mú u wá.” Mo fún un ní gílóòbù náà. Ó fi ìka tọ wáyà méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí mo ti lọ́ wọn.

“Nígbà wo lo ṣe é?”

“Ìsinsìnyí.”

“Bí o bá lè ṣe é báyìí, kí ló dé tí o fi mú ti àbúrò rẹ?”

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

“Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń wá a lábẹ́ ẹní,” ó ní. “Ìwọ ti dé ọ̀dọ̀ mi wá sọ pé ó ti sọnù.”

“Owú ni, ọ̀gá. Tiyín ni. Ọwọ́ yín ló wà lára rẹ̀, ẹ sì fún un.”

“Ọmọ yẹn kò lè lọ́ wáyà mọ́ gílóòbù títí tó fi lọ. Mo rí i pé kò ní mọ̀ ọ́n, ni mo ṣe fún un ní èyí tí a ti ṣe parí. Ìwọ ni mo kọ́.” Ó dá gílóòbù náà padà sí mi lọ́wọ́. “Ọ̀kan péré ni mo ní láti fún ènìyàn. Ìwọ lè ṣe ẹgbẹ̀rún.”

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú ní ìkẹrin, mo ń làágùn. Àbúrò ń bọ̀ láti ìdí kànga, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, “Wá o. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní nǹkan kan tó fẹ́ fún ọ.”

Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí àpótí pupa, mo kó àwọn sípánà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo tú àkísà náà. Mo sọ fún un pé èmi ni mo mú un, àti ọjọ́ tí mo mú un. N kò mọ bí a ṣe ń sọ èyí tó kù.

Ó gbà á. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ sí ojú jíjìn ara téèpù náà, ó wò ó, ó wò mí. Mo ń retí èébú. Bó bá bú mi, ara á tù mí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, tí mo fi ń wá a lábẹ́ ọkọ̀.”